Gbòǹgbò Inú Ògiri

Ewéko kan hù jáde lára ògiri yàrá bíríkìlà kan, lókè orí ibùsùn, níbi tí oòrùn kì í dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ògiri yẹn ti sán lójú kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti fi sìmẹ́ǹtì dí i. Ìyàwó rẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u: ọkùnrin tó ń kọ́lé fún gbogbo ayé, tí ilé tirẹ̀ ń lanu. Ní báyìí, ewé tó rọ̀, tó pupa bí ẹ̀dọ̀, ló yọ láti inú àpá sìmẹ́ǹtì náà.

Ó fi ìka méjì mú un, ó fà á díẹ̀. Kò wá. Bó ṣe tún fà á ni ìyàwó rẹ̀ tó lóyún ké nílé ìdáná. Nígbà tó fi máa sáré débẹ̀, aboyún náà ti di ògiri mú, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá wọn," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, "kí lẹ fà?"

Orí bíríkìlà wú. Ó gbé e jáde síta, ó ń wá ọkọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, fi àwòrán inú ikùn hàn án. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ méjèèjì tó ṣáájú jáde. Ojú àpá ibẹ̀ ni ibi ọmọ ti eléyìí lọ lẹ̀ mọ́, kò sì dúró síta bó ṣe yẹ. Ó ti ta gbòǹgbò wọ inú ẹran ilé ọmọ lọ.

"Tí a bá fà á, ẹ̀jẹ̀ á bẹ́, ó sì lè ṣòro láti dá a dúró," ni dókítà wí. "A ò ní fà á rárá. A máa gbé ọmọ jáde, ká wá gé ilé ọmọ náà kúrò pẹ̀lú ibi ọmọ nínú ẹ̀."

"Kò ní bímọ mọ́ nìyẹn?"

"Kò ní bí mọ́. Àmọ́ ẹ̀mí ẹ̀ là ń wá."

Ìyàwó rẹ̀ gbà. Wọ́n gbé e wọlé, bíríkìlà sì jókòó síta, ó ń bẹ Ọlọ́run. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni, tó kù sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ.

"Mò ń tún yàrá ṣe de ọmọ tuntun. Koríko ara ògiri yín yìí lágídí o. Mo ti wé àkísà mọ́ ọn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á."

"Ó ti ń wá," ni ìyá wí, fóònù sì já.

Ilé kò jìnnà. Ó sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ó bá ìyá lórí ibùsùn, tó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ara ògiri, tí omi pupa ń sun láàárín ìka rẹ̀.

"Ó gbóná, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Mi ò lè gbọ́wọ́ kúrò."

"Ẹ má gbé e kúrò, Màmá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó mú òòlù àti irin tó fi ń gbẹ́ ògiri. Kò fọwọ́ kan ewéko náà. Ẹ̀yìn ilé ló gbà, ó ń gé ògiri yí i ká láti òkèèrè, ibi yòówù tó bá sì ti rí gbòǹgbò tín-ín-rín bí irun, á tún sún sẹ́yìn. Látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, ẹ̀rù ògiri kò bà á rí. Nígbà tí odidi búlọ́ọ̀kù náà bọ́ sí i lọ́wọ́, ti òun ti ewéko inú rẹ̀, omi náà dá. Ìmọ́lẹ̀ wọ inú yàrá.

Wọ́n fi àwọn ọmọ ti aládùúgbò, àwọn méjèèjì sì jọ padà sí ilé ìwòsàn. Dókítà jáde sí wọn, àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀.

"Ìyá wà, ọmọ wà. Àmọ́ ẹ̀rù bà mí. A ò tíì fọwọ́ kan ibi ọmọ náà tí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ́ fúnra ẹ̀. Mo rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀jẹ̀ náà kàn ṣàdédé rọlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ dí i."

Ìyá ìyàwó rọra ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ aṣọ. Ó ti fọ̀ wọ́n títí, pupa náà kò ṣí.

Nígbà tí ìyàwó la ojú, ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé obìnrin ni ọmọ. Kò mẹ́nu kan ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá fọwọ́ lé ikùn.

"Bàbá wọn, ẹ lọ bá mi dí ihò yẹn kílẹ̀ tó ṣú. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi nínú."

Kò bi í pé ihò wo. Ó lọ sílé, ó po sìmẹ́ǹtì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí ògiri náà pẹ̀lú ọwọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wẹ egbò. Lẹ́yìn rẹ̀ níta, lára búlọ́ọ̀kù tó gbé sílẹ̀, ewé tuntun ti yọ.