Ọjọ́ Tí Mo Gbé Hilda Ṣánlẹ̀

"Ìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi balẹ̀! Ẹ má jẹ́ kí orí yín kanlẹ̀!"

Báyìí ni Tíṣà Theophilus ṣe máa ń pariwo mọ́ wa ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa ní Sùúrùlérè, lọ́dún 1976. Júdò, ìjàkadì àwọn ará Jàpáàn, ló ń kọ́ wa lórí tìmùtìmù.

Àwa mẹ́jọ tó ṣà jọ, kò sí ẹni tí wọn kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Omi gbígbóná ló bó ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ní kékeré. Edith, ọmọ kíláàsì kìíní, ń kólòlò. Àmọ́ ẹni tó bá ṣubú nígbà ogún, tó sì dìde nígbà ogún, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ tì í mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbórí sókè. Edith náà ń nawọ́ dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, ó ń kólòlò, kò sì bìkítà.

Òfin kan ṣoṣo ni tíṣà ṣe fún wa: a ò gbọ́dọ̀ gbé ẹnikẹ́ni ṣánlẹ̀ níta gbọ̀ngàn.

Lọ́jọ́ kan nídìí ẹ̀rọ omi, Hilda, ọmọ kíláàsì mi, pariwo lójú gbogbo èèyàn pé, "Adùnọlá elójú èépá! Ẹ sún, kó má baà ràn yín!"

Mo lè yí ẹ̀yìn sí i. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo di kọ́là rẹ̀ mú, mo fi ẹsẹ̀ gbá tirẹ̀, ó sì balẹ̀ sórí kọnkéré. Apá rẹ̀ ṣẹ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé fòpin sí júdò lọ́jọ́ náà. Tíṣà ò nà mí. Ó kàn ní, "Mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀ kí n tó kọ́ ẹ ní sùúrù. Ẹ̀bi mi ni." Ó dùn mí ju ẹgba lọ.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Hilda àti màmá rẹ̀ nílé wọn ní Yaba. "Dìde," ni màmá náà wí. "Hilda ti sọ ohun tó pè ẹ́." Wọ́n dárí jì mí, ṣùgbọ́n ọ̀gá ò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì Edith kọjá. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, àwọn ọmọ sì ti ń rẹ́rìn-ín kó tó lanu. Ó rọra jókòó láìdáhùn. Nígbà tó rí mi lẹ́yìn tí a jáde ilé-ìwé, ó ní, "À-à-àǹtí, ìgbà wo la tún máa ṣe júdò?"

Ìbínú kò da nǹkan. Mo rò pé iyì ara mi ni mò ń gbà padà lọ́wọ́ Hilda, àṣé ti Edith ni mo sọ nù.