Orúkọ Qúdrát Ló Ṣáájú

Ọjọ́ tí Abdulfatah kọ́kọ́ rí Qúdrát, abẹ́ ọkọ̀ ló wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta, nínú bàtà ńlá kan tí epo ti sọ di dúdú.

Ọkọ̀ tí Abdulfatah wọ̀ láti Ìlaró lọ sí Ìdí-Ìrókò ló kú sójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n kọjá Owódé. Dírẹ́bà pe mẹkáníìkì lórí fóònù, mẹkáníìkì sì gun ọ̀kadà dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́. Abdulfatah ti lọ ra omi nígbà náà. Ìgbà tó fi padà dé, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ó máa pẹ́?"

Ohùn obìnrin ló dá a lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n kọ́ o, àbúrò yín ni. Ẹ bá mi na sípánà mẹ́tàlá yẹn."

Abdulfatah na sípánà kan sí i. Kì í ṣe mẹ́tàlá. Ó na òmíràn, òun náà kọ́. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ó dúdú, ó rẹwà, gírísì wà ní imú rẹ̀.

"Ọwọ́ yín ò mọ irin rárá. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Tísà ni mí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìlaró."

Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀ bí ẹni rí ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí. "Tísà Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ má tíì lọ o. Ọlọ́run ló ba ọkọ̀ yìí jẹ́."

Báyìí ni Abdulfatah ṣe gbọ́ ìtàn Qúdrát. Inú ọgbà mẹkáníìkì bàbá rẹ̀, Bàbá Àúdù, ní Ìdí-Ìrókò, ló dàgbà sí. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń tún tírélà ṣe. Àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Kútọnu kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì wọn. "La patronne" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọ̀gá obìnrin lédè Faransé. Ó ti wá gbọ́ pé àwọn ìlú kéékèèké ní ìgbèríko Ọsirélíà ń wá àwọn tó mọ ọkọ̀ ńlá àti tirakítọ̀ tún ṣe, pé físà wà fún irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀, tí èèyàn bá ti gbà pé òun yóò gbé níbẹ̀, pé òun ò ní sá lọ sí ìlú ńlá. Qúdrát ti gbà. Ṣùgbọ́n ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gbà fún un. Ó ń sọ ọ́ dáadáa, kíkọ ni kò lè kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi.

"Ẹ kọ́ mi," ló sọ. "Mo máa sanwó."

"Owó kọ́," ni Abdulfatah wí. Kò tíì mọ ohun tó jẹ́ nígbà náà.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Tísà ń lọ sí Ìdí-Ìrókò. Lábẹ́ òrùlé páànù ọgbà náà ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á fi pátákó lé orí táyà, á di tábìlì. Níbẹ̀rẹ̀, kò rọrùn. Àwọn àròkọ tó wà nínú ìwé kò wọ Qúdrát lára. Lọ́jọ́ kan, Abdulfatah pa ìwé dé.

"Má kọ ìyẹn mọ́. Kọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ ọ́ bíi pé èmi tí n kò mọ sípánà ni o fẹ́ kọ́."

Qúdrát kọ ojú ìwé mẹ́ta láìgbé orí sókè. Nígbà tí Abdulfatah kà á tán, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó mọ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Ó sì mọ̀ pé òun ti nífẹ̀ẹ́ obìnrin yìí kọjá ààlà.

Ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Qúdrát yege. Ó sáré jáde pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó di mọ́ Tísà, títí gírísì fi kún ẹ̀wù funfun Tísà. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ fẹ́ tú ọwọ́.

"Qúdrát, n kò lè bò ó mọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ẹ sì mọ̀ pé mò ń lọ."

"Mo mọ̀. Èmi náà ni mo kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì tí o fẹ́ fi sá fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ yín, Tísà mi. Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Mú mi dání. Fọ́ọ̀mù físà náà ní àyè fún ọkọ. Mo ti kà á."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ẹni méjì nìkan. Abdulfatah lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ayétòrò. Bàbá wọn ti kú. Husain, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló dúró bíi bàbá. Husain gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orúnkún.

"Kí obìnrin gbé ọ lọ òkè òkun? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní ìyàwó ìyàwó ẹ ni? Sọ fún un kó kọ orúkọ tìẹ ṣáájú, kó wá tẹ̀ lé ọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Tí mo bá sọ pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, irọ́ ni. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí mo tún ṣe rí láyé mi, ti ọmọdé ni."

Kò pa Husain lẹ́rìn-ín. Ìyá wọn, Ìyá Husain, tó ń dá oko ẹ̀gẹ́, kàn ń sunkún. Abdulfatah ni àbíkẹ́yìn rẹ̀.

Ní Ìdí-Ìrókò, Bàbá Àúdù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. "Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n n ò ní fa ọmọ mi lé ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́."

Ìgbà tó ku Qúdrát àti Abdulfatah nìkan, Qúdrát kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Tí Ọsirélíà bá ní kí n wá, tí a ò tíì ṣe ìgbéyàwó, èmi nìkan ni màá lọ. Ó dùn mí o. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n n ò ní padà sẹ́yìn."

"N ò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o padà sẹ́yìn láéláé, olólùfẹ́ mi," ni Abdulfatah wí. Ó wọkọ̀ padà sí Ìlaró, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó wá ku ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ Qúdrát. Àwọn olùdánwò yóò máa wò ó láti Ọsirélíà lórí fóònù, kó tún tírélà tó kọ̀ tí kò jí ṣe lójú wọn. Ẹnì kan ni yóò di fóònù mú, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Agogo méje àárọ̀ ni wọ́n dá. Bàbá Àúdù ló fẹ́ dì í mú, àmọ́ ìjàyà ti mú ọwọ́ baba, ó ń gbọ̀n bí ewé. Abdulfatah wà ní Ìlaró, ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ kò jẹ́ kó wá.

Bí Qúdrát àti bàbá rẹ̀ ṣe ń wo ara wọn lójú, ìyá àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ojú rẹ̀ le koko.

"Ta ni Qúdrát níbí? Èmi ni ìyá Abdulfatah. Owódé ni mo sùn kí n lè bá ọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ."

Qúdrát kúnlẹ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. "Ẹ káàárọ̀ mà. Màmá, ẹ foríjì mí, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ìdánwò mi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ, màá gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ bá mi di fóònù yìí mú. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má kúrò lójú kan. Tẹ́ ẹ bá fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sápá òsì, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló máa gbé e, ìpè á sì já."

Ìyá Husain na ọwọ́. Títí di òní, kò lè sọ ìdí tó fi gbà á.

Ó dúró fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú dígí kékeré fóònù yẹn, ó ń wo ọwọ́ ọmọbìnrin náà. Ó rí i tó fi etí lé irin bí ìyá ṣe ń fi etí lé àyà ọmọ. Ó rí i tó tú páìpù kan, tó fi afẹ́fẹ́ tó há sínú epo han òyìnbó. Òyìnbó bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè. Ó ń dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Apá ń ro ìyá àgbàlagbà náà, òógùn ń sọ̀ kalẹ̀ sójú rẹ̀, kò nù ún. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì náà gbọ̀n, tó ta èéfín dúdú, tó wá ké ramúramù, igbe fò yọ lẹ́nu Ìyá Husain. Àánú Ọlọ́run ni, ariwo tírélà bò ó mọ́lẹ̀. Lórí fóònù, òyìnbó ń pàtẹ́wọ́.

Qúdrát wẹ ọwọ́, ó bu omi wá, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni mà. Ó ti yá. Mò ń gbọ́."

Ìyá Husain mu omi náà tán pátápátá. "Mo wá sọ fún ọ pé kí o fi ọmọ mi sílẹ̀."

Qúdrát tẹrí ba.

"Mi ò sọ ọ́ mọ́. Ọmọ ìlú Afọ̀n ni mí. Ibi tí iṣẹ́ bàbá wọn wà, Ayétòrò, ni mo tẹ̀ lé e lọ, n kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó rere ni wọ́n pè mí. Kí ló dé tó fi máa di ẹ̀gàn tó bá kan ọmọ mi? Dìde, ìyàwó mi. Ọwọ́ rẹ yìí, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rọ."

Àwọn méjèèjì sunkún, Bàbá Àúdù náà bá wọn sun tirẹ̀ lẹ́yìn tírélà.

Ìyá Husain ló bá àkọ́bí rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì le. Husain fúnra rẹ̀ ló ṣáájú ẹbí lọ sí Ìdí-Ìrókò lọ tọrọ ọmọ, ó ń ṣọkàn gírí bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo. Lóṣù yẹn gan-an ni wọ́n so yìgì. Kò pẹ́ sígbà náà ni èsì ìdánwò dé pé Qúdrát yege. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ kan ní Ọsirélíà yàn án, wọ́n sì fún un ní ọgọ́ta ọjọ́ kó fi kọ ìwé físà ránṣẹ́. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ara, wọ́n gba ìwé ọlọ́pàá, wọ́n lọ tẹ̀ka ní Èkó. Ni wọ́n bá dúró. Oṣù mọ́kànlá. Nígbà míì Qúdrát á jí, á ní, "Tísà, tí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́?" Abdulfatah á ní, "A ó tún un kọ, adúmáradán mi. Ṣebí tísà rẹ ṣì wà láàyè."

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ní yàrá àlejò Husain ní Ayétòrò, lẹ́yìn ìrun, fóònù Qúdrát dún. Ó wò ó, ó nà án sí Husain. Husain gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á." Ó tún ìgò ojú rẹ̀ ṣe. "Qúdrát… wọ́n ti fún un. Òun ló ṣáájú. Abdulfatah, ọkọ… wọ́n ti fún òun náà." Lójijì ó fò dìde. "Allāhu Akbar! Ìyàwó wa ti gbà á o! Ìyàwó wa ló gbà á!"

Ó sá jáde sí ojú títì láìwọ bàtà, ó ń sọ fún olúkúlùkù tó ń kọjá pé ìyàwó àbúrò òun, mẹkáníìkì, ló gba físà fún tọkọtaya. Àwọn ará àdúgbò ya wọlé, wọ́n ń kí wọn kú oríire.

Láàárín ariwo ayọ̀ náà, Ìyá Husain fa Qúdrát àti Abdulfatah mọ́ra. Ó gbàdúrà fún wọn títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó ṣe àmín tán, ó mú ọwọ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó fi sínú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Abdulfatah," ló wí, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀, "tẹ̀ lé e dáadáa o."