Ọkùnrin Tó Wá Wọn Ọ̀nà Etíkun

Ọkùnrin náà gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà etíkun, omi ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Òkun wà lápá òsì rẹ̀, adágún ńlá wà lápá ọ̀tún, títì tóóró náà sì gba àárín méjèèjì kọjá bí okùn tí wọ́n ta láti sá aṣọ. Ọmọbìnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ gbójú sókè, ó rí i, ó sì kí i.

Kò dáhùn.

Ó tún un kí. Ọkùnrin náà na ìka kan sókè, pé kó dúró ná, ó sì ń rìn bọ̀. Ẹ gbọ́ o, ọmọbìnrin yìí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń na ìka sí. Sípóòkù, irin inú táyà kẹ̀kẹ́, ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì ṣeé tẹ̀. Ó gbé sípánà sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó ń dúró de aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, ó fa ìwé kékeré yọ lápò, ó kọ nǹkan sí i, ìgbà yẹn ló tó wá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ìdajì ẹ̀fẹ̀, ìdajì òótọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹgbẹ̀rin ìgbésẹ̀ ó lé mẹ́rìnlá ni. Tí mo bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ mi lójú."

Ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń ya máàpù fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà jíjìn ló ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kó wọn ọ̀nà etíkun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹnu odò tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéni sọdá, adágún kékeré tí òṣíbàtà bò, adágún ńlá, títí dé ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ òǹkà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú rẹ̀ tó ń ka iye ìgbà tí táyà bá yí. Túùbù wá lu lọ́nà, kẹ̀kẹ́ tó wà léjìká kì í yí, ló bá fi ẹsẹ̀ kà á.

Sípóòkù yọ táyà náà, ó tú u, ó lẹ túùbù, ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ dá a padà, ojú rẹ̀ ò kúrò lára táyà náà.

"Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ táyà yìí?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Kí ló ṣe é?"

"Ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ sọ fún ẹ̀rọ òǹkà yẹn?"

Ọkùnrin náà wo ẹ̀rọ náà. Kò sọ fún un. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, táyà kékeré ń yí, ẹ̀rọ ń kà á bíi táyà ńlá, gbogbo ọ̀nà tó ti wọ̀n ló sì gùn ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Ó jókòó lórí páìlì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Sípóòkù ń wò ó. Ó mọ̀ wọ́n, àwọn ọkùnrin tí obìnrin bá sọ fún pé iṣẹ́ wọn kò pé, ẹni tí wọn yóò bá jà ni wọ́n máa ń wá. Ṣùgbọ́n èyí bú sẹ́rìn-ín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, Sípóòkù náà ò sì mọ̀gbà tó bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ láti fetí sí i dáadáa. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Bó ṣe di pé ọkùnrin náà ń padà wá nìyẹn. Iṣẹ́ ló kúkú gbé e wá, ó gbọ́dọ̀ wọn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó: ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ló dé tí ẹnì kan fi ń wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́fà? Sípóòkù sọ ọ́ ní Mélòó, nítorí pé òun ni ìbéèrè rẹ̀ lórí ohun gbogbo. Bàbá náà ń wò wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè to sípóòkù mọ́, ojú nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́, ojú yẹn sì ṣì mú.

Ní ọjọ́ ìsinmi, Sípóòkù máa ń bá a lọ. Wọ́n á jọ gùn ún láàárọ̀, nígbà tí ìkùukùu ṣì wà lójú adágún tí àwọn ẹyẹ funfun sì ń fi ẹsẹ̀ kan dúró létí omi. Sípóòkù yára jù ú lọ. Á lọ síwájú, á dúró dè é lórí afárá kékeré, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá àgbà." Mélòó á ní iṣẹ́ ni òun ń ṣe, kì í ṣe ìdíje. Sípóòkù á ní gbogbo ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lórí ọkọ̀ tó ń gbéni sọdá ẹnu odò ni "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Ìgbì gbé ọkọ̀ sókè, Mélòó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó di ọwọ́ Sípóòkù náà mú pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbì rọlẹ̀. Kò fi í sílẹ̀.

"O lè fi mí sílẹ̀ wàyí," Sípóòkù ní.

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ ni."

Sípóòkù wo odò, ó wo òkun níwájú, ó ní òun náà ti fura sí ara òun láti ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ lọ. Inú wọn dùn débi pé wọ́n gbàgbé láti wọn kìlómítà mẹ́rin.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Mélòó ń bọ̀ láti wá wo ọ̀nà bó ṣe rí nígbà òjò, ó sì bá òkun àti adágún tí wọ́n ti pàdé lórí títì. Omi náà ò hàn bí ohun tó jìn. Ó wọ inú rẹ̀, táyà iwájú kó sí ihò, ó sì bá ara rẹ̀ nínú omi dé ìbàdí. Ẹni tó mọ ọ̀nà nìyẹn o. Ó ro ti àjèjì tí yóò gbé máàpù lọ́wọ́, tí yóò gba ohun tó wà níbẹ̀ gbọ́. Ó kọ ìwé sí ọ́fíìsì: kí ọ̀nà yà kúrò létíkun kó tó dé adágún ńlá, kó gba orí òkè. Òótọ́ ló kọ. Òótọ́ yẹn náà ni yóò mú gbogbo oníkẹ̀kẹ́ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù Sípóòkù.

Ó wá láti sọ fún un. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ó jókòó, wọ́n fún un ní tíì, ó mu ún, ó sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ó lọ. Ti ìwé tó kọ sí ọ́fíìsì, kò mẹ́nu bà á.

Àlejò kan ló tú àṣírí náà, obìnrin kan tó ṣìnà, tó wá béèrè ọ̀nà orí òkè. Ó tẹ́ máàpù tuntun sórí tábìlì iṣẹ́. Sípóòkù fi ìka tọ ìlà pupa náà láti ẹnu odò, ó gba ẹ̀gbẹ́ adágún kékeré kọjá, lẹ́yìn náà ìlà náà yà. Kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó júwe ọ̀nà fún obìnrin náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀.

Nígbà tí Mélòó dé lọ́jọ́ kejì, ó bá Sípóòkù lórí ìdúró.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ẹ" yẹn àti "sà" yẹn, ìyá ẹni ò lè nani tó bẹ́ẹ̀. Mélòó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ọ̀nà náà léwu, pé omi fẹ́ gbé òun lọ.

"Mi ò bá yín jà lórí ọ̀nà," Sípóòkù ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ jókòó síbí yìí, ẹ mu tíì mi, ẹ sì mọ̀. Àjèjì ló wá fi hàn mí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, sà."

"Ẹ̀rù bà mí pé màá pàdánù rẹ."

"Ẹ ti wá rí i báyìí."

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mélòó dúró díẹ̀, ó sì lọ.

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Lọ́jọ́ kan tí ẹnì kankan ò yà, Sípóòkù ń bú Mélòó fún bàbá rẹ̀, bàbá náà sì ní kó dákẹ́, kó jókòó. Ó jẹ́wọ́ pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti mọ̀ pé omi ń gba títì náà. Ní àárọ̀ kùtù, kí ọmọ òun tó jí, òun a máa kó òkúta lọ dí àwọn ihò.

"Mo rò pé tí o bá mọ̀, wàá sọ̀rètí nù, wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀," ló ní. "Kò tún sí nǹkan míì tí mo ní láti fún ọ."

Sípóòkù wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó ro òkúta tí ọwọ́ yẹn ti gbé. Ẹkún gbà á, ìbínú sì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. "Kí ló dé tó jẹ́ èmi ni a kì í sọ nǹkan fún?"

"A fẹ́ràn rẹ jù ni, ọmọ mi."

"Ẹ dín ìfẹ́ náà kù díẹ̀, Bàbá, kí ẹ fi òótọ́ kún un."

Mélòó náà ò kúrò níbẹ̀ o. Gbogbo Sátidé ló ń wá. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á sọ òótọ́ kan tó ń tì í lójú, á sì yíjú padà. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ní obìnrin kan ti kọ òun rí nítorí pé òun kì í sọ tinú òun. Ó ní ẹlòmíì kọ́ ló kọ ìwé ọ̀nà òkè yẹn, òun ni, tó bá sì di ọ̀la òun á tún un kọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun ì bá kọ́kọ́ dé. "Mo ti gbọ́, sà," ni Sípóòkù máa ń wí. Bàbá rẹ̀ a sì máa yíjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn yẹn, Sípóòkù gbé kẹ̀kẹ́, ó gun ọ̀nà tuntun náà fúnra rẹ̀. Òkè náà ga, ó mí hẹlẹ, ó ṣépè. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí rẹ̀, ó rí òkun, adágún méjèèjì àti odò tó wọ́ lọ bí ìbàǹtẹ́ tí wọ́n sọ sílẹ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní oríta tó wà níbẹ̀, ó bá àwọn oníkẹ̀kẹ́ márùn-ún tí wọ́n na ara wọn sílẹ̀ sórí koríko. Bíréèkì ẹnì kan ti jẹ tán, kò sì sí ẹni tí yóò bá a tún un ṣe. Ilé kan wà létí ọ̀nà, ó ṣófo, yàrá méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Sípóòkù yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, tó ti bá onílé sọ̀rọ̀, tí bàbá rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i, ó ránṣẹ́ pe Mélòó sí oríta náà.

"Èmi àti Bàbá ń kó bọ̀ níbí lóṣù tó ń bọ̀," ló ní. "Mo ní kí n sọ fún ọ kó o tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mélòó gbọ́ "ọ" yẹn. Ó jókòó sórí koríko. Ó fa lẹ́tà kan yọ lápò.

"Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan, kò sì dáa. Wọ́n ní kí n lọ wọn etíkun mìíràn, ó jìnnà, ọdún kan ni. Àárọ̀ yìí ló dé. Mi ò tíì dá wọn lóhùn, mi ò tíì sọ fún ìyá mi pàápàá. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

Ọ̀rọ̀ náà gún Sípóòkù láyà. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn nídìí ìrora náà, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹnì kan lè gbọ́ ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó jókòó tì í.

"Ṣé o fẹ́ lọ?"

"Mo fẹ́ lọ. Mi ò sì fẹ́ fi ọ́ sílẹ̀."

"Méjèèjì ni òótọ́?"

"Méjèèjì ni."

Sípóòkù gba lẹ́tà náà, ó kà á, ó dá a padà. "Ó dáa. Lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ni kó o jẹ́ kó o tó lọ."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, nínú ṣọ́ọ̀bù tuntun tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Bàbá ìyàwó fi ọ̀dà ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún un, Sípóòkù ló sọ. Ọjọ́ kẹrin ni Mélòó lọ. Ó pè é lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó débẹ̀.

"Sọ èyí tó burú fún mi ná," Sípóòkù ní.

"O ò sí níbí," ni Mélòó wí.

Sípóòkù gbé fóònù sí etí kejì, ó sì ní kó wá sọ èyí tó dáa.