Ojú Tí Folúkẹ́ Kò Yà

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè pè é nírọ́, mi ò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n Folúkẹ́ wà láàyè, Ṣómólú ló ń gbé, àwọn ará àdúgbò Ìlàjẹ tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn kò sì tíì kúrò létí ọ̀sà. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Iṣẹ́ àwòrán ni Folúkẹ́ ń ṣe. Òun ló ń ya ìwé kọ́míìkì akọni kan tó pè ní Alárìnká. Inú òfuurufú ni Alárìnká ti wá. Ó lè fi èjìká gbé òṣùpá, ó sì lè rìn láti ìràwọ̀ kan dé òmíràn bí ẹni ń rìn láti Pedro lọ sí Palmgrove. Ṣùgbọ́n agbára yìí kọ́ ló ń fa àwọn òǹkàwé mọ́ra. Ohun tó ń fà wọ́n ni pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ́ gan-an. Nínú ìwé kan, ohùn ọ̀dọ́kùnrin ló fi ń sọ̀rọ̀. Nínú òmíràn, ó ti di arúgbó obìnrin. Òkùnkùn biribiri ni ojú rẹ̀, ìràwọ̀ wẹẹrẹ ló kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá bi Folúkẹ́ pé ta ni, á ní òun náà kò mọ̀. Òótọ́ ló sì ń sọ.

Ṣọ́ọ̀bù Bámilóyè, atẹ̀wé kan, ló ti máa ń tẹ ìwé náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú, Bámilóyè ṣàdédé pa ẹ̀rọ. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Òórùn tàdáwà nìkan ló kù. Ó mú pépà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó tẹjú mọ́ ọn títí.

“Níbo lẹ ti mọ ẹ̀gbọ́n mi?”

Folúkẹ́ ní òun kò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Bámilóyè ní Ìsẹ́yìn ló kú sí, kò sì ya fọ́tò kankan kó tó kú. Ó na ìka sí ojú Alárìnká. Folúkẹ́ wò ó. Ìràwọ̀ ló rí. Ó gbé pépà náà sún mọ́ fèrèsé, ó tún un wò. Ìràwọ̀ náà ni.

Bámilóyè ní òun kò tẹ ìwé yẹn mọ́. Ó kó èyí tó ti tẹ̀ fún àwọn tó máa ń ra pépà tó bàjẹ́ láti tà á fún àwọn ọlọ́jà, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọ̀kan nínú pépà yẹn ni obìnrin ẹlẹ́ja kan, Tabitha, fẹ́ fi di ẹja yíyan fún oníbàárà ní Ìlàjẹ. Ọkọ rẹ̀, Fọlọ́runṣọ́, ti gbé àwọ̀n lọ sójú ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ nìkan ni omi gbé padà. Wọ́n wá a tì. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ ní kí Tabitha wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Ó kọ̀, ó ní òun kò rí òkú.

Nígbà tó rí ojú tó wà lórí pépà náà, ó béèrè ibi tó ti wá títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Bámilóyè, ìyẹn sì mú un wá bá Folúkẹ́. Ó tú pépà náà sórí tábìlì. Epo ẹja ti rin ín. Kò sunkún.

“Àǹtí, ọkọ mi rèé. Àpá ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ rèé. Ẹ bá mi yà á kó máa bọ̀ wálé.”

Folúkẹ́ ṣàlàyé pé àwòrán lásán ni, pé òun kò rí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Tabitha gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

“Ẹ ṣáà yà á.”

Folúkẹ́ kọ̀. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà tún wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó tún wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Àánú ló mú kí Folúkẹ́ gbé pẹ́ńsù. Ó ya Alárìnká tó ń rìn jáde látinú ọ̀sà, ó ya àwọn ilé pákó tó wà lórí omi lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló fi sílẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Nígbà tó parí, pépà náà tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Òórùn ọ̀sà gba inú yàrá, bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé wà ní títì.

Tabitha kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó lọ.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé Fọlọ́runṣọ́ ti padà wálé. Àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi ló rí i. Ó ń rìn bọ̀ láti àárín ọ̀sà. Níbi tí ọ̀pá ọkọ̀ kì í ti kan ilẹ̀, omi kò kọjá orúnkún rẹ̀. Nígbà tó gúnlẹ̀, aṣọ rẹ̀ gbẹ.

Folúkẹ́ lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Èrò ti kún àgbàlá. Ìyá Fọlọ́runṣọ́ di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún ayọ̀. Ọkùnrin náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ̀bà. Tabitha fa Folúkẹ́ lọ́wọ́ wọlé.

“Àǹtí, ẹ wá wo ojú rẹ̀.”

Ọkùnrin náà yíjú padà. Gbogbo èrò ń pè é ní Fọlọ́runṣọ́. Òkùnkùn ni Folúkẹ́ rí. Ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹnu níbẹ̀, síbẹ̀ òkèlè ń wọlé.

Ariwo àgbàlá dá. Jẹnẹrétọ̀, omi, ẹkún ìyá, kò gbọ́ ọ̀kankan mọ́. Ohùn kan ṣoṣo ló gbọ́ láti inú òkùnkùn náà, ó rọ̀, òun Folúkẹ́ ló ń kí.

“Ẹ kú iṣẹ́, ìyá mi.”

Lẹ́yìn náà, ariwo padà. Tabitha ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wò ó lójú bí ẹni tó ń retí ìdájọ́.

“Òun ni, àbí òun kọ́?”

Folúkẹ́ wo ìyá tó wà nílẹ̀. Ó wo Tabitha.

“Òun ni.”

Láti ìgbà náà, kò lè ya Alárìnká mọ́. Bó bá gbé pẹ́ńsù, aṣọ akọni náà á jáde, kò ní sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ní Ìlàjẹ, Fọlọ́runṣọ́ ń lọ sójú omi, ó ń bọ̀. Kì í ṣàìsàn. Ó máa ń bá àwọn èèyàn ṣeré. Bó bá ń kọjá, àwọn ajá á dọ̀bálẹ̀, wọn kì í gbó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tabitha pe Folúkẹ́ lórí fóònù. Ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀. Ó ní òun ti lóyún, pé kí àǹtí bá òun dúpẹ́.

“Bàbá ọmọ ní ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ,” ó wí. “Ó ní ẹ̀tọ́ yín ni.”