Sìgá Nínú Yàrá Àwọn Tí Kì í Mu Ún

Kọ̀ǹpútà alágbèéká náà ti yọ́ lẹ̀ mọ́ tábìlì nígbà tí Ìńsípẹ́kítọ̀ Fọlákẹ́ Ògúnníyì wọ yàrá náà ní Ìjàpò, Àkúrẹ́. Àwọn aládùúgbò ti pa iná náà kó tó ran àjà, ṣùgbọ́n òórùn kẹrosíìnì ṣì kún ibẹ̀. Ilẹ̀kùn ò já, fèrèsé ò fọ́. Sìgá kan ṣoṣo wà nílẹ̀. Fóòmù ìdí rẹ̀ ti jó dúdú, ṣùgbọ́n tábà orí rẹ̀ wà bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Ọlọ́pàá míì ìbá ti sáré lọ gbé amusìgá tó bá sún mọ́ ọn jù lọ. Fọlákẹ́ fi sìgá náà sínú ọ̀rá.

Ìtùnú, ọmọbìnrin tó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbógun ti sìgá mímu sílẹ̀, tó sì ni yàrá náà, jókòó, kò sunkún.

"Kí ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí?"

"Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń mu sìgá nínú àwọn fíìmù tọ́mọdé ń wò lórí fóònù, mà. Àwọn tó ń gbé fíìmù náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti gbà láti wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n lè yọ àwọn ibẹ̀ kúrò. Kò sí ẹ̀dà míì. Mo ṣì ń wá owó dátà tí màá fi tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni."

Ọmọ́táyọ̀, igbákejì rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi aṣọ wé ìka rẹ̀ kan. Àwọn méjèèjì nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà.

"Kí ló ṣe ọ́ níka?" Fọlákẹ́ bi í.

"Dòdò ni mo ń dín, mà, òróró ta sí mi. Gbémiga ni kí ẹ lọ mú, ọkùnrin tó ń ṣe fíìmù l'Óǹdó. Ó ti halẹ̀ mọ́ wa. Ta ló tún ń mu sìgá nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Gbémiga ò jiyàn nígbà tí Fọlákẹ́ dé ilé rẹ̀ l'Óǹdó.

"Mo halẹ̀ mọ́ wọn lóòótọ́, màdámú. Wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi." Ó fa sìgá kan yọ, ó fi í sẹ́nu, ó ṣáná sí i láìwò ó.

"Ta ló ń mu ún jù nínú fíìmù yín?"

"Lawrence ni. Kò fẹnu kàn án rí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi ni mo ń ní kó tún un mu, kó tún un mu, títí ó fi di bárakú. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á lọ́dún tó kọjá. Bàbá Ọmọ́táyọ̀ ni." Ó tẹ sìgá náà pa. Lẹ́yìn náà, ó tan òmíràn.

Fọlákẹ́ padà sí Àkúrẹ́, ó pe àwọn ọmọ méjèèjì jọ sínú yàrá náà, ó gbé sìgá inú ọ̀rá kalẹ̀ níwájú wọn.

"Fóòmù yìí ni wọ́n ń fi sẹ́nu," ó ní. "Gbémiga ò lè ṣáná síbẹ̀, kódà lójú oorun. Ẹni tí kò mu sìgá rí ló ṣe é, ó sì fẹ́ ká rò pé amusìgá ni. Ilẹ̀kùn ò já, torí ó ní kọ́kọ́rọ́. Fóòmù tó bá yọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ìka, ó sì máa ń bó o. Ọmọ́táyọ̀, tú ìka rẹ kí n rí i."

Kò tú u. "Tí bàbá mi bá ń mu ún, mo máa ń jáde nílé," ó ní. "Mi ò wò ó rí. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ sára ògiri kí gbogbo ayé máa wò ó bí ẹni burúkú. Mo bẹ Ìtùnú kó yọ ọ́, kò gbà."

"Bàbá rẹ ló ní kí n má yọ òun," Ìtùnú dáhùn. Ohùn rẹ̀ ò yí padà. "Mo lọ bá a ní ọsibítù, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà yìí. Ó ní ká fi òun hàn wọ́n, kí ọmọ ẹlòmíì má bàa kú bíi tòun. Ó bá ìwọ náà sọ̀rọ̀, Táyọ̀. Ó ní kí n má sọ fún ọ títí dọjọ́ tí gbogbo wa máa gbọ́ ọ."

"Kí ló bá mi sọ?"

"Ó pẹ́ níbi tó ti ń bá ọ sọ̀rọ̀. Mo jáde fún un, kó lè rí ọ̀rọ̀ sọ. Mi ò tíì gbọ́ ọ."

Ọmọ́táyọ̀ wo kọ̀ǹpútà tó yọ́ lẹ̀ mọ́ tábìlì. Fọlákẹ́ ò mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Ó ní kó dìde kí àwọn máa lọ, ó sì dìde.