Ẹní tí Pelenato Fi Borí

Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan ni Sieni ń lé kiri yàrá ìjẹun òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ tí Pelenato kọ́kọ́ rí i, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, òdòdó pupa létí, ẹ̀rín lẹ́nu. Pelenato gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé òṣìṣẹ́ yín ni ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, àbí àlejò?"

"Àlejò ni. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Olùdámọ̀ràn ni mí, láti ìlú Apia. Ọ̀gá yín ló ní kí n wá sọ bí èrò á ṣe máa wọ́ wá síbí, àti irú òṣìṣẹ́ tó yẹ kóun gbà."

"Ó dáa. Ẹ gba ẹlẹ́dẹ̀ yìí nímọ̀ràn kó jáde, ká wò ó."

Ibẹ̀ ni ọkàn ọmọkùnrin náà ti lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń jọ rìn létí òkun lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́. Ó ń pe Sieni ní àyànfẹ́, Sieni ń pè é ní Ọ̀gá Ìmọ̀ràn, ìfẹ́ náà sì dénú àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ tó kàwé yìí ṣe. Ó gba Petelo, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì, nímọ̀ràn pé kó kó àwọn àgbà obìnrin kúrò níwájú àlejò, kó fi àwọn ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò wọn, torí ojú àwọn yẹn ló máa dùn ún wò nínú fọ́tò ìpolówó. Nílẹ̀ Samoa wa níbí, àgbà ló ń kí àlejò káàbọ̀, ọmọdé ló ń gbé àwo. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Pelenato mọ̀ ọ́n, ìyá àgbà ló tọ́ ọ dàgbà. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́, ó sì ń bí mi títí dòní.

Ẹni àkọ́kọ́ tí Petelo lé ni Taligi, ìyá Sieni. Ojú àlejò ló ti lé e, orin ìkíni ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Sieni lọ bá Pelenato létí òkun.

"Ṣé ìwọ lo ní ojú ìyá mi ò dáa?"

"Sieni, mi ò mọ̀ pé ìyá ẹ ni. Mi ò béèrè orúkọ wọn."

"Ká ní ìyá ẹlòmíì ni, ṣé ó dáa nìyẹn?"

"Àyànfẹ́, jọ̀ọ́, gbọ́ mi."

"Má pè mí ní àyànfẹ́ mọ́. Ojú tèmi náà ń bọ̀ wá hunjọ. Lọ wá ẹni tí kò ní darúgbó fẹ́."

Pelenato tọ Petelo lọ pé ìmọ̀ràn òun ò dáa, kó dá àwọn obìnrin náà padà. Petelo rẹ́rìn-ín, ó ní fọ́tò ti jáde, àlejò sì ti ń pè.

Pelenato padà sí Apia lọ kó ẹbí rẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, wọ́n dé iwájú ilé Taligi, Pelenato jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi ẹní àtàtà ìdílé wọn bò ó lórí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń jókòó bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ò bá ká ẹní náà kúrò, ìtìjú ni fún gbogbo ìdílé.

Taligi rọra mu kòkó rẹ̀ tán. Ó gbá iwájú ilé, ó gbá a yí Pelenato ká. Oòrùn mú. Nígbà tí Petelo gbọ́ pé àwọn baálé abúlé ti ń bọ̀ wá wòran, ó sáré dé, ó sì wọ abẹ́ ẹní náà. Ilẹ̀ abúlé ni òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà, àwọn baálé sì lè gbà á padà.

"Màmá, oòrùn ń pa á," Sieni sọ pẹ̀lú omijé.

"Ṣé o ṣì fẹ́ràn ẹ̀ ni?"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀. Inú sì ń bí mi sí i."

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe fẹ́ bàbá ẹ."

Taligi ká ẹní náà kúrò. "Ọmọ, wò mí dáadáa. Ṣé ojú yìí ò tó fi kí àlejò ni?"

"Ó tó, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Mo forí jì ẹ́. Petelo, èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́la." Petelo ò jiyàn.

Pelenato gbójú sókè wo Sieni. "Ìwọ ńkọ́?"

"Màmá ló forí jì ẹ́. Èmi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nu òógùn ojú Pelenato. "Ṣùgbọ́n ẹbí ẹ ti wà níbí, oúnjẹ sì wà lórí iná. Kí wọ́n má wulẹ̀ wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní kí wọ́n tọrọ mi."

Kó tó sọ ọ́ tán, àbúrò ìyá Pelenato ti dìde, ó ń tún aṣọ rẹ̀ ró.