Ológoṣẹ́ Mẹ́sàn-án Nínú Ilé Màlúù

Wọ́n ń fi àáké já ilẹ̀kùn ilé màlúù. Nígbà tó wó, Bagga rí Kehar, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó sùn ti katakata, ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ rẹ̀, ó fi kúbùsù bo ara dé ọrùn. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ó ti kú. Epo ti tán nínú ẹ̀rọ náà. Ológoṣẹ́ mẹ́sàn-án já bọ́ láti àjà, gbogbo wọn ti kú.

"Ẹyẹ!" ni ìyàwó Baálẹ̀ ké. "Ta ló ń rán ẹyẹ ní abúlé yìí?"

Gbogbo wọn mọ ẹni tó ń bá wí. Nígbà ìtúlẹ̀, katakata Kehar wó ààlà oko Rakkhi, opó arúgbó. Rakkhi dúró lórí ebè, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí á jẹ ẹ́!"

Wọ́n wọ́ ọ jáde nílé rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ igi dóńgóyárò.

"Kí lo fi ọmọ mi ṣe?" Bagga mú àlùmọ́gàjí dání.

"Bagga, èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ló kọ́kọ́ gbé e."

"Ibẹ̀ lo ti mọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀!" ni ìyàwó Baálẹ̀ wí.

Bagga gé irun Rakkhi dé awọ orí. Bí oòrùn bá wọ̀, wọ́n á lé e kọjá odò.

Rakkhi ò sunkún. Ó ní, "Ìgbà òtútù, ọ̀dọ̀ màlúù lẹ̀yin ọkùnrin ń sùn, ẹ ń yá ooru ara wọn. Ìwọ ta màlúù ẹ fi ra ẹ̀rọ. Kí ni Kehar yá lánàá?"

"Ẹ̀rọ náà ni," ni Bagga wí. "Ó ní ó gbóná ju màlúù mẹ́rin lọ. Ó tàn án sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn."

"Afẹ́fẹ́ ńkọ́?"

"Mo fi koríko dí gbogbo ihò láti ìta, kí òtútù má bàa mú un."

"Màlúù ń mí. Kí ni ẹ̀rọ yẹn ń mí síta?"

Rakkhi yíjú sí gbogbo wọn.

"Ẹ mú àgbébọ̀ mi, ẹ tì í mọ́bẹ̀, ẹ tan ẹ̀rọ náà. Ẹ fi mí síbí, kí gbogbo ojú máa wò mí."

Wọ́n gbé ilẹ̀kùn padà, wọ́n rọ epo. Ẹ̀rọ náà ń ké títí wọ́n fi jẹun ọ̀sán tán. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, adìẹ náà ti kú, ó nà gbalaja.

Bagga wo koríko tó wà nínú ihò. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó tú okùn náà.

"Ìyá, ẹ má bínú."

Rakkhi fi gèlè bo orí, ó lọ sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Bagga fi àáké dá ògiri ilé màlúù náà lu. Ihò náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ó fẹ̀ tó orí màlúù.